Bí Mo Ṣe Gbé Ìwọ́ Ọmọ Gun Òkè Àwọn Igi Ńlá

Ẹ̀yin ènìyàn mi ní Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, ẹ̀yin ìyá ìjọ aláṣọ funfun wa tí ẹ bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó fún mi ní físà, ojú mi rí Amẹ́ríkà, ó sì tún rí yín. Ẹ ti wá kí mi káàbọ̀, ẹ ti jẹ ṣokoléètì, ẹ ti pín ọṣẹ, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè. Mo dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, òtútù wà, bẹ́ẹ̀ ni, iná kì í lọ, rárá, mi ò pàdé olórí ìjọba wọn. Ọ̀kan péré ni mi ò dáhùn. Ìyá Ràbì, aládùúgbò mi, ló bi mí lójú gbogbo yín: "Ìwọ́ ọmọ ńkọ́? Níbo lẹ rì í sí?" Mo ní mò ń lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Ẹ ò rí mi mọ́ títí ẹ fi túká.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a lè fi ìdúró sọ. Ìdí nìyí tí mo fi pe Ṣadé tí àkọ́bí mi bí, pé kó gbé bébà kó jókòó. Èmi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un kó kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu mi jáde, kó má bá mi tún un ṣe.

Nítorí àwọn ọmọdé tó máa kà á, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìwọ́ ni ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń kù sójú ìdodo ọmọ tuntun. Tó bá gbẹ tán, á já bọ́ fúnra rẹ̀. Nílé wa, a kì í jù ú nù. A ó gbẹ́lẹ̀, a ó rì í, a ó gbin àgbọn lé e lórí, àgbọn náà á sì máa jẹ́ orúkọ ọmọ. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, àgbọn mẹ́rin ni mo gbìn. Tí wọ́n bá ń jà nígbà yẹn, ọ̀kan á ní, "Lọ wo àgbọn rẹ, gbígbẹ bíi tìẹ!" Mọ́rẹ̀nikẹ́ ni àbígbẹ̀yìn mi. Tirẹ̀ ló so jù.

Ẹ mọ ibi tí wọ́n wà. Nígbà tí títì márosẹ̀ dé, tí ilẹ̀ etí rẹ̀ di ohun tí àwọn ènìyàn ń jà lé lórí, ẹbí ọkọ mi ta ibẹ̀, wọn ò bi mí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni katapílà fi wó àgbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ́sítéètì olówó ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá dúró lẹ́nu géètì, àwọn mẹ́gáàdì á ní, "Màmá, ta lẹ ń wá?" Mi ò mọ orúkọ tí mo lè dá fún wọn. Ohun tí mò ń wá wà lábẹ́ ilé onílé.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ló ránṣẹ́ pè mí láti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ń gbé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin, kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Ọmọbìnrin ló bí, Tèmitọ́pẹ́. Àwọn òbí Adéwálé ọkọ rẹ̀, ará Ìkìrun, ti kú, kò sì ní ẹ̀gbọ́n. Èmi nìkan ni àgbà tí ọmọ náà ní láyé. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà ní kí ló kàn mí nínú ohun tó yẹ kí ẹbí bàbá ọmọ ṣe.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mò ń wẹ̀ ẹ́, ìwọ́ já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́. Mo ní, "Mọ́rẹ̀nikẹ́, ilẹ̀ yín dà?"

"Ilẹ̀ wo, Màmá?"

"Ilẹ̀ tí a ó rì í sí."

"Màmá, a háyà ilé ni. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, ti lánlọ́ọ̀dù ni. Tí wọ́n bá rí yín tí ẹ ń gbẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá ni wọ́n á pè."

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

Ó ń ká aṣọ ọmọ. Kò gbójú sókè. "Ẹ jù ú nù."

Mo pariwo. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé. Mo ní ajá nìkan ni a kì í mọ ibi tí ìwọ́ rẹ̀ wà. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Tèmi ńkọ́, Màmá? Ẹ rì í, ẹ gbin àgbọn lé e. Níbo ló wà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ẹ ó ní ṣebí kí n gbé e bọ̀ wálé. Ilé wo? Ibi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí mi ní Ṣàngótẹ̀dó, ilé háyà lòun náà, sìmẹ́ńtì láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn. Ewédú gan-an, inú taya ni a gbìn ín sí. Mo gé etí ìsàlẹ̀ sùtánà mi, mo fi aṣọ funfun yẹn wé ìwọ́ náà, mo fi sínú báàgì mi, lábẹ́ ìwé Sáàmù tí mi ò lè kà. Mi ò sọ fún Mọ́rẹ̀nikẹ́. Ó rò pé mo ti jù ú nù, kò sì bi mí mọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń ní Amẹ́ríkà tóbi. Èmi ò rí i ní títóbi. Yàrá méjì ni mo rí, àti fèrèsé kan. Láàárọ̀, Adéwálé á ti jáde kí n tó gbàdúrà tán. Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Mọ́rẹ̀nikẹ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá ku èmi àti ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi bí ohùn ẹlòmíràn.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé nínú yàrá tó dojú kọ tiwa. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn dè é láàárọ̀ kí n lè rí ẹni kí. Mo máa ń tẹ orúnkún díẹ̀, mo máa ń ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wọlé, ó gbé ìrẹsì àpò kékeré kan jáde, ó fún mi. Ó rò pé ebi ló ń pa mí! Mo gbà á, mo dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jáde kí i mọ́, kó má baà rò pé ìrẹsì ti tán.

Oúnjẹ wọn kò burú. Adìẹ wọn ló yà mí lẹ́nu. Ó rọ̀ bí ẹni tí kò sáré rí láyé. Egungun rẹ̀ kò lè dá eyín ọmọdé dúró. Mo máa ń jẹ ẹ́, mo máa ń rántí ẹja tí a fi ìlasa sè, omi á sì máa dà lójú mi. Kì í ṣe ẹja ni mò ń sunkún sí. Ẹni tí mo lè sọ fún pé ẹja yẹn dùn ni kò sí.

Lójú ọ̀nà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ́rẹ̀nikẹ́ wọlé, ó bá mi lójú fèrèsé tí mò ń sunkún. Ó dúró sẹ́yìn mi títí. Ó ní, "Màmá, ọjọ́ Sátidé a ó gbé yín lọ wo igi."

Mo ní, "Igi? Ṣé mi ò rí igi rí ni?"

Adéwálé, ẹni jẹ́ẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ tí a kò bá bi í, ló dáhùn. "Màmá, ẹ ò tíì rí irú èyí. Wọ́n ti wà kí a tó bí baba ńlá wa. Ìjọba ló ń ṣọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé wọn títí ayé."

Gbogbo ohun tó kù tó sọ, mi ò gbọ́. "Títí ayé" ni mo gbọ́. Mo dìde lọ wo báàgì mi.

A jáde ní ìdájí. Mo ti se ìrẹsì, mo ti dín dòdò, mo ti kó o sínú kúlà. Mo mú ṣíbí kan sọ́tọ̀, ṣíbí irin tó nípọn, mo fi í sínú báàgì. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta nígbà yẹn. Iwájú ni ìyá rẹ̀ máa ń pọ̀n ọ́n sí, sí àyà, bí ẹni tó ń gbé ẹrù tí kò fẹ́ kí wọ́n jí. Mo ti bá a jà lórí rẹ̀, ó ti sú mi.

Ilẹ̀ kọ́kọ́ tẹ́ lọ rẹrẹ, oko ọsàn lọ́tùn-ún, oko ọsàn lósì. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ó ń gòkè. Ẹ rántí pé ibi tí a bí mi sí, omi àti iyanrìn ni. Òkè tó ga jù tí mo gùn rí ni afárá Ajah. Nígbà tó yá, etí mi di. Mo ní, "Adéwálé, mi ò gbọ́ràn mọ́." Ó ní, "Ẹ gbé itọ́ mì, Màmá." Mo gbé e mì, ó là, ó tún di. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí kùrukùru lábẹ́ wa. Ní ìgbà ayé mi, òkè ni mo ti máa ń wo kùrukùru.

Mò ń kí ọ̀nà náà ní ohùn jẹ́jẹ́, mò ń kọrin ìjọ. Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbè é fún ẹsẹ kan, ó dákẹ́. Ó ti gbàgbé ẹsẹ kejì.

Níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, Adéwálé gbé kúlà mi, ó tì í mọ́ inú àpótí irin kan tí ìjọba gbé síbẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní nítorí béárì ni, ẹranko kan tó ń fọ́ mọ́tò tó bá gbóòórùn oúnjẹ. Mo ní ìlú wo lèyí, tí wọ́n ń ti ìrẹsì mọ́lé nítorí ẹranko, tí wọn ò sì mú ẹranko náà? Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín àna mi.

Igi tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn

Mo rò pé ògiri ni. Mo dúró kí n yà fún un kí n tó mọ̀ pé igi ni. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bíi ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èèpo rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ bíi fóòmù. Mo gbójú sókè láti wá orí rẹ̀, gèlè mi já bọ́ kí n tó rí i. Àràbà tó wà létí ọ̀sà wa nígbà kan, tí a máa ń sọ pé kò lẹ́gbẹ́, ẹ gbé e síwájú èyí, ẹ ó pè é ní igi ìdáná. Iná ti jẹ inú òmíràn, ihò ìdí rẹ̀ gba tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, síbẹ̀ ewé wà lókè, ó ń mí. Èso wọn kò sì ju ẹyin adìẹ lọ. Yìnyín tí kò tíì yọ́ tán wà nídìí wọn bí ìrẹsì tí ẹnìkan dà nù.

Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ o. Wúyẹ́wúyẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, bí ẹni wọ ilé òkú. Tí wọ́n bá pàdé mi, wọ́n á fi ètè rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "hái", wọ́n á kọjá. Hái náà kì í dúró gba èsì. Kò sí ọjà lábẹ́ àwọn igi náà. Kò sí ẹni tó tẹ́ ẹní. Kò sí ọmọ tó ń ju òkúta sókè. Igi tó tóbi tó báyẹn, kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan pẹ̀lú rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, mo ní, "Ẹ kú ìdúró."

Pátákó kan wà níwájú èyí tó tóbi jù. Mo ní, "Adéwálé, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ igi náà ni, Màmá."

"Igi ní orúkọ?"

"Orúkọ ọ̀gágun kan ni. Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ti olórí ìjọba kan láyé àtijọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní tirẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fẹ́ kí ẹ dúró síbi tí mo dúró sí yẹn. Ọgbà irin kékeré yí ìdí igi náà ká kí ẹnikẹ́ni má baà tú u. Orúkọ ènìyàn wà lára rẹ̀. Kí lẹ máa rò? Ohun tí ẹ máa rò ni mo rò. Mo ní, àṣé àwọn náà mọ̀ ọ́n! Àṣé ìwọ́ ọ̀gágun ló wà níbí, ti olórí ìjọba sì wà lọ́hùn-ún! Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yẹn, ọjọ́ yẹn ni ara kọ́kọ́ tù mí. Mo wo àwọn òyìnbó tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, mo ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe jẹ́.

Mi ò béèrè. Ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń kọ̀ fún. Mo ní kí Mọ́rẹ̀nikẹ́ àti Adéwálé máa lọ wo èyí tó ṣubú, tí ènìyàn ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí èmi jókòó sinmi eékún. Nígbà tí wọ́n yà ní kọ́ọ̀nà, mo bọ́ bàtà mi, bí a ṣe máa ń bọ́ ọ tí a bá wọ aṣọ funfun. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá irin náà. Kò ga ju orúnkún lọ. Mo kúnlẹ̀ nídìí igi, níbi tí kò sí yìnyín, mo fọwọ́ gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yọ ṣíbí. Ilẹ̀ náà tutù, ó dúdú, ó ń ta òórùn bíi tùràrí.

Mo ní, "Ìwọ ilẹ̀, mi ò mọ orúkọ rẹ. Ọmọ Adéwálé rèé, ọmọ Mọ́rẹ̀nikẹ́. Gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi ò ní pẹ́ lọ. Ìwọ ni wàá máa wò ó."

Ibi tí mo dé nínú àdúrà nìyẹn tí òjìji ènìyàn fi ṣíji bò mí.

Obìnrin onífìlà

Obìnrin ni, aṣọ ìjọba wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà etí fífẹ̀ wà lórí rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó rí ọmọ tó ṣìnà. Mo ṣí aṣọ funfun náà kó lè rí i. Ó fà sẹ́yìn. Bóyá ó pè é ní òkú alángbá. Mo nawọ́ sí ìdodo mi. Mo ká ọwọ́ mi pọ̀, mo ṣe bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo nawọ́ sí pátákó, mo nawọ́ sílẹ̀. Ó wo pátákó, ó wo ilẹ̀, ó mi orí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ Mọ́rẹ̀nikẹ́. "Jésù! Màmá, kí lẹ ṣe?"

Adéwálé ti ń ní "sọ́rì, sọ́rì" kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ ti ràn. Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbá ọmọ mọ́ àyà, ó sọ fún mi ní kíkẹ́lẹ́, "Màmá, ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde o. Ìwé wa kò tíì jáde. Ẹni tó wọ aṣọ ìjọba nìyí. Kí ni ẹ̀ ń gbẹ́?"

Mo fi hàn án. Ó wò ó. Ó wò mí.

Obìnrin náà bi Mọ́rẹ̀nikẹ́ léèrè, ó dáhùn, wọ́n ń bá a lọ. Mo ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní gbòǹgbò igi yìí kò jìn rárá. Òkè ilẹ̀ ló ń sá sí. Ó ní ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń pa á."

"Ẹsẹ̀ tèmi? Èmi tí mo bọ́ bàtà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan kúrò níbí, a ò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní ti gbogbo ènìyàn ni."

Mo ní, "Bi í fún mi. Tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, Tọ́pẹ́ ńkọ́? Ṣé Tọ́pẹ́ kì í ṣe ènìyàn ni?"

Mọ́rẹ̀nikẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ̀, torí ẹnu rẹ̀ kò pẹ́ tó tèmi.

Mo ní, "Ó dáa. Bi í pé ta ló wá ri ìwọ́ ti ọ̀gágun."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ kọ̀. Adéwálé ló bá mi bi í. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Adéwálé ní, "Màmá, ó ní bí òun ṣe gbọ́ ọ, ọ̀gágun náà ò tilẹ̀ fojú kan igi yìí rí. Wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ láti fi yẹ́ ẹ sí ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àárẹ̀ mú mi lójijì. Orúkọ wà lára igi, ìwọ́ kò sí nídìí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ́ wà nínú ilẹ̀, igi kò sí lórí rẹ̀, orúkọ kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo ti rí ìbátan ní orí òkè yẹn. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ látàárọ̀.

Obìnrin náà dì mí lápá, ó gbé mi kọjá irin. Ó bẹ̀rẹ̀, òun tí irun rẹ̀ funfun bíi tèmi, ó gbọn ewé kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó fi bàtà wọ̀ mí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí mo bí ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà padà lọ síbi tí mo gbẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ erùpẹ̀ padà, ó tẹ́ ewé gbígbẹ lé e, a ò sì mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Kò bi wọ́n ní ìwé kankan. Ó fọwọ́ kan etí fìlà rẹ̀ sí mi, ó lọ.

Ẹ̀bá ọ̀nà

Adéwálé yọ kúlà nínú àpótí irin, a wọ mọ́tò. Aṣọ funfun náà wà ní ọwọ́ mi, mo dì í mú. Nígbà tí a ti jáde kúrò ní géètì ìjọba, tí a ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní kí Adéwálé yà síbi kan létí ọ̀nà. Ó tú ọmọ kúrò nínú àga rẹ̀, ó gbé e fún un. Ó ṣílẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi.

"Màmá, ẹ fún mi ní ṣíbí."

"Fún kí ni?"

"A ti kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Ibí ò ní ọgbà, kò ní pátákó. Ẹ jẹ́ ká rì í síbí, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa sunkún lójú fèrèsé mọ́."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Igi kékeré kan wà níbẹ̀, kò ga ju ènìyàn lọ, ó jọ̀lọ̀ lára bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balágà. Inú mi ti fẹ́ dùn. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti ń fi ṣíbí ha ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí èèkàn kan nínú koríko, rìbọ́n pupa lórí rẹ̀. Mo wo iwájú, mo rí òmíràn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ìkẹta, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn létí títì.

Ẹ̀yin ará Ajah, ṣé ó yẹ kí n ṣàlàyé èèkàn fún yín?

Mo ní, "Mọ́rẹ̀nikẹ́, má gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà yìí fẹ́ fẹ̀."

Ó gbójú sókè. Ó wo èèkàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi yí padà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo jókòó tì í. Mọ́tò ń kọjá, wọn ò wò wá.

Ó ní, "Màmá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wó àwọn àgbọn."

"Ilé ìwé lo wà."

"Wọ́n tètè dá wa sílẹ̀. Mo gba ibẹ̀. Tèmi ti wà nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gé àgbọn lórí rẹ̀, wọ́n ń mu ún. Ọ̀kan nínú wọn ní, 'Sisí, ìwọ náà gbà, òùngbẹ á máa gbẹ ọ́.' Wọn ò mọ̀ pé tèmi ni. Mo gbà á, Màmá. Mo mu ún." Ó nu imú. "Ó dùn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè sọ fún yín pé ó dùn."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé kò ka igi náà sí ni. Kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo ti bú u nínú ọkàn mi nítorí rẹ̀. Mo di orí rẹ̀ mú, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí mo bá fẹ́ di irun fún un.

Ó ní, "Níbo wá ni ọ̀nà kì í dé, Màmá?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Tọ́pẹ́ jí, ó ké. Adéwálé ń jó o sókè sódò, kò dákẹ́. Mo mú aṣọ funfun náà, mo fi í sí ọwọ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́, mo pa ọwọ́ rẹ̀ dé.

"Gbà á. Ìwọ ni ìyá rẹ̀."

"Kí n fi ṣe kí ni?"

"Tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi ní ilẹ̀."

"Tí a ò bá ní ńkọ́?"

"A jẹ́ pé á máa bá yín kiri nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Adéwálé wá dúró lórí wa pẹ̀lú ọmọ. Ó ní, "Màmá, ìrẹsì náà ti fẹ́ di yìnyín. Ẹ jẹ́ ká jẹun." A jẹ ẹ́ níbẹ̀, láàárín èèkàn méjì. Ṣíbí tí mo fi gbẹ́lẹ̀ ni mo fi jẹ tèmi; mo nù ún lára ìró.

Lẹ́yìn tí mo dé

Nígbà tí wọ́n sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú, mi ò bi Mọ́rẹ̀nikẹ́ léèrè ibi tó fi ìwọ́ náà sí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń retí kí n béèrè. Mo kí wọn, mo wọlé, mi ò wẹ̀yìn.

Mo rò pé tí mo bá ti dé ilé, tí mo bá ń kí ènìyàn tí wọ́n ń dá mi lóhùn, ìdáwà náà á tán. Ẹ̀yin náà ń dá mi lóhùn, Ọlọ́run á san án fún yín. Kò tíì tán. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ bímọ, wọ́n ní kí n wá wẹ ọmọ. Mo wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìwọ́ já bọ́, gbogbo wọn ń wò mí kí n sọ ibi tí a ó rì í sí. Mo gbé e fún ìyá ọmọ, mo jáde lọ jókòó síta.

Ẹ lè bá mi wí. Ẹ lè ní mo gbé ohun tí àgbà ń ṣe fún ọmọdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ní mi ò wá ilẹ̀.

Mo ti ní kí Ṣadé fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí Mọ́rẹ̀nikẹ́, kó fi sí ibi tó fi aṣọ funfun náà sí, níbikíbi tó bá wà. Tọ́pẹ́ á dàgbà, á béèrè. Kí wọ́n kà á fún un pé ìyá ìyá rẹ̀ gbé ìwọ́ rẹ̀ gun òkè dé ibi tí etí ti ń di, ó kúnlẹ̀, ó sì ti gbẹ́lẹ̀ jìn tó ìka mẹ́ta kí wọ́n tó ní kó dìde.